Jagunjagun Tí Kò Ríran: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí Méjì

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti ta D&D, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń darí akọni kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀; òfin ọdún 2014 la sì ń lò. Mo fẹ́ dá jagunjagun kan tí wọ́n bí láìríran. DM wa, ẹni tó ń sọ ìtàn tó sì ń darí eré, ní kí n má wulẹ̀ dán an wò, pé kó tó pa gọ́búlìnì kan, iwin kékeré lásán, gọ́búlìnì á ti pa á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún un lágbára tí á fi máa fi etí 'rí' gbogbo nǹkan, kí ọ̀rọ̀ tán. Èwo ni kí n tẹ̀ lé nínú méjèèjì? Irú ohun ìjà wo ló sì yẹ ẹ́?"

Ọmọ Obòkun, mo rí ìwé rẹ. Má tẹ̀ lé ìkankan nínú wọn. DM yín ka ìwé òfin dé ìdajì; ọ̀rẹ́ rẹ ò tíì ṣí i.

Ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu DM, torí ó ní àwíjàre díẹ̀. Ìwé òfin sọ pé ẹni tí kò ríran ti pàdánù ìdánwò yòówù tó bá gba kó fojú rí nǹkan, kó tó ju dáìsì rárá. Bó bá fẹ́ lu ọ̀tá, dáìsì olójú ogún méjì ni yóò jù, èyí tó kéré ni wọ́n á kà fún un. Ìyẹn là ń pè ní disadvantage. Ẹni tó bá sì fẹ́ lu òun, méjì náà ni yóò jù, èyí tó pọ̀ ni wọ́n á kà, advantage nìyẹn. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní 11 lo nílò kí idà rẹ tó bá ọ̀tá. Ẹni tó ríran á bá a nígbà 50 nínú 100. Tìrẹ á jẹ́ 25. Ọ̀tá tóun náà nílò 11 láti bá ọ á bá ọ nígbà 75. DM yín ò purọ́. Bó o bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, gọ́búlìnì á fi ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ìwé Tasha's Cauldron of Everything mú ọgbọ́n ìjà kan jáde tí wọ́n pè ní Blind Fighting. Fighter, irú akọni tí ìjà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, lè mú un láti ìpele 1. Paladin àti Ranger, irú akọni méjì mìíràn, lè mú un ní ìpele 2. Ohun tó ń ṣe ni pé láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 síbi tí jagunjagun náà dúró, ohunkóhun tí kò bá fi ògiri bora, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni fojú rí i. Òkùnkùn ò ní kó má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lo afẹ́ẹ̀rí pàápàá ò lè mú un jẹ láàárín ibẹ̀, àfi bó bá ráyè sá pamọ́ dáadáa. Àpótí kan nínú àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí tábìlì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, nítorí náà àpótí méjì-méjì ló yí i ká. Fighter ni kó o mú. Ìjà ìpele 1 ni DM yín fi ń dẹ́rù bà ọ́, ìpele 1 náà ni oògùn rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti kọ Blind Fighting sínú ìwé akọni wọn gbà pé iṣẹ́ ti parí. Lójú tèmi, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín àpótí méjì yẹn, jagunjagun bíi ti gbogbo ayé ni. Ohun tó ń ṣe síbi tó kọjá àpótí méjì, ibẹ̀ la ti máa mọ irú ẹni tó jẹ́.

Èmi fúnra mi ti ba irú ẹ̀ jẹ́ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Nílùú Ifẹ̀ níbí, ní yàrá tí mò ń gbé ní Lágéré nígbà náà, ọmọkùnrin kan gbé jagunjagun afọ́jú wá sórí tábìlì mi. Inú mi dùn sí i débi pé mo sọ ẹsẹ̀ bàtà 10 di 60, mo ní kó máa gbọ́ èémí àwọn èèyàn láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi DM ni mò ń sọ fún un pé, "O rí ilẹ̀kùn pupa kan lọ́ọ̀ọ́kán." Òun náà dáhùn pé, "Mo lọ ṣí i." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn mẹ́rin tó kù, nítorí kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Afọ́jú ti lọ, aṣọ tó fi dijú ló ṣẹ́ kù. Ibi tí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ máa gbé ọ dé nìyẹn.

Bàbá kan wà ní Mọ́òrè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bó bá ń tọ ọ̀nà lọ, á ṣàdédé dúró, á ní, "Ta ló gbé mọ́tò síbí?" Bẹ́ẹ̀ mọ́tò náà ò dún, láti àárọ̀ ni wọ́n ti pa á. Ṣùgbọ́n ìró ọ̀pá rẹ̀ ò padà wá láti ara ògiri òdìkejì bó ṣe máa ń padà wá, atẹ́gùn tó sì máa ń fẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Bàbá yìí kan náà, bí ọmọdé bá rọra jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò kí i, kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. A máa ń fi ìyẹn ṣe é ní ṣẹ̀sín. Ojú ń tì mí báyìí.

Mú méjèèjì lára bàbá yẹn, má mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí akọni rẹ mọ ohun kan tí gbogbo ẹgbẹ́ yín ò mọ̀, kó má sì mọ ohun kan tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀. Òfin náà gbà ọ́ láàyè: ìdánwò tó nílò ojú nìkan ni ó ń pàdánù. Perception, ìdánwò àkíyèsí, tí wọ́n bá fi etí tàbí imú ṣe kò ní àbùkù kankan, nítorí náà kọ́ ọ dáadáa, kó o sì fi dáìsì tó dára sí Wisdom, tó ń gbé e ró. Kì í ṣe pé a bí afọ́jú pẹ̀lú etí tó ju ti ẹlòmíràn lọ o. Ó ń fetí sí ohun tí àwa fi ń ṣeré ni.

O ní wọ́n bí i láìríran, ó dára. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń pè ní afọ́jú ṣì ń rí nǹkan díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó yàtọ̀ sí òkùnkùn, òjìji tó ń kọjá. Yan èyí tó o fẹ́, kó o sọ ọ́ fún DM, ká lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò ni èyí: báwo ló ṣe ń mọ ohun tó wà nínú àpótí méjì yẹn? Ìwé òfin ò sọ. Ìwọ lo máa sọ ọ́, ohun tó o bá sì sọ ló máa di òòró àti ìbú ìtàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìró ni, àpẹẹrẹ wà láyé gidi. Daniel Kish, ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ gba ojú rẹ̀ méjèèjì kó tó pé ọmọ ọdún méjì, máa ń fi ahọ́n ta kọ̀, kọ̀, kọ̀ lẹ́nu. Ìró tó bá padà sí i létí ló fi ń mọ̀ pé igi ló wà níwájú tàbí ògiri, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́. Jagunjagun tó ń ta ahọ́n báyìí ò lè yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ibùdó ọ̀tá. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, etí rẹ̀ ti dí. Mú un lọ sáàárín ọjà Atákúnmọ́sà lọ́jọ́ ọjà, kó o wò ó bóyá á mọ ibi tí olè gbà. Bí oṣó bá sì ju idán Silence lé e lórí, tó ń pa gbogbo ìró láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ojúkò rẹ̀, ìjọba rẹ̀ dé òpin nìyẹn. Òfin ò sọ pé Blind Fighting gbọ́dọ̀ kú nínú Silence. Ìwọ ni kó o lọ bá DM yín, kó o ní, "Ẹ jẹ́ kó kú." DM tó bá rí i pé o fọwọ́ ara rẹ gbé àìlera wá sórí tábìlì ò ní bá ọ du agbára tó kù.

Ó lè má jẹ́ ìró. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀: kì í wọ bàtà, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ìrìn ẹni tó ń bọ̀. Ohun tó bá ní ìyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, ó di àìmọ̀ sí i pátápátá. Èyí ni èmi ì bá yàn, torí ẹyẹ lásán á máa dẹ́rù bà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì ní mọ ìdí.

Ó di ọ̀rọ̀ ohun ìjà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fún afọ́jú ní idà. Idà ò burú, àmọ́ àpótí kan péré ló ń dé. Glaive, abẹ idà tí wọ́n dè mọ́rí ọ̀pá gígùn, ń dé ẹsẹ̀ bàtà 10. Wò ó: ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé náà ni ọwọ́ rẹ̀ dé, kò lé, kò dín. Bó bá jẹ́ ènìyàn lo fi ṣe, tí DM sì gbà kẹ́ ẹ lo variant human (irú ènìyàn tó ń gba àfikún ọgbọ́n kan láti ìbẹ̀rẹ̀), mú Polearm Master láti ìpele 1: ẹni tó bá ṣèèṣì wọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ti gba tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú ìlù àfitẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń nílò kó o rí ẹni náà kó o tó lè lù ú, Blind Fighting ló sì mú kí ìyẹn ṣeé ṣe. Ó ti di agbo tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fi ọfà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní afọ́jú tó ní òun ó sọ èèyàn lókò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta kan mọ́lẹ̀. Jẹ́ kó ní ọ̀kọ̀ kékeré kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó máa jù ú síbi tó bá ti gbọ́ ìró. Òfin gbà á, disadvantage ló kàn máa gbé e.

Bí DM bá kọ̀ tó ní ìwé 2020 ò wọlé sórí tábìlì òun, má jà. Lọ sí ìjàkadì. Nínú júdò àwọn afọ́jú ní Paralympics, tó ti wà níbẹ̀ láti 1988, àwọn méjèèjì máa ń kọ́kọ́ di ara wọn lẹ́wù mú kí adájọ́ tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lára rẹ, kò tún sí ibi tó fẹ́ sá sí tó ò ní mọ̀. Grapple, ìyẹn dídi ọ̀tá mú, nínú D&D ò béèrè pé kó o ríran, Athletics rẹ, ìdánwò agbára ara, ló ń béèrè.

Bí Medusa tàbí basilisk bá ti kọjá àpótí méjì sí ọ, ẹ̀rù wọn má bà ọ́. Ẹni tó bá rí ojú wọn ló ń di òkúta. Ọjọ́ kan ni ìyẹn máa wúlò nínú ọdún kan, àmọ́ ọjọ́ náà á dùn.

Èyí tó máa wúlò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kùrukùru. Ẹ wá ẹni tó mọ idán Fog Cloud nínú ẹgbẹ́ yín, ìpele 1 ni. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ di afọ́jú, gọ́búlìnì tó ń ríran lóru pàápàá, torí ojú òru kì í la kùrukùru. Ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn á wá yí orí padà: akọni rẹ mọ ẹni tó sún mọ́ ọn, ẹni náà ò mọ̀ ọ́n, òun ló máa ju méjì tó mú èyí tó pọ̀, àwọn ni wọ́n á mú èyí tó kéré. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ló dífá fún "Ìwọ ta nì yẹn?" Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà wà nínú òkùnkùn ọ̀hún. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀, ó lè ṣe wọ́n bí Ọ̀rànmíyàn ṣe ṣe àwọn ará Ifẹ̀ tó pè é jáde nígbà tí kò sógun: ó gé wọn lulẹ̀ kó tó mọ̀ pé èèyàn òun ni.

Nítorí náà, ẹ sọ̀rọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn afọ́jú, tó wọ Paralympics ní 2004, ẹni tó bá ń lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ké "voy", èdè Spéènì tó túmọ̀ sí "mò ń bọ̀". Bí kò bá ké e, wọ́n á fọn fèrè sí i. Ẹ ní tiyín. Bí bard, akọni olórin, bá wà nínú yín, kí ló dé tí kò ní jẹ́ onígángan? Ìmóríyá tí bard ń fún èèyàn, Bardic Inspiration, ń dé ẹsẹ̀ bàtà 60, ohun tó sì gbà ni pé kí ẹni náà gbọ́ ọ. Kò sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ rárá. Kó máa fi ìlù sọ ibi tí ọ̀tá wà. Ọ̀tún rọrùn: dò mí. Iwájú: re mí mí. Àmọ́ òsì àti ẹ̀yìn, dò dò ni àwọn méjèèjì, ẹni tó bá ṣì í gbọ́ á kọjú sí òsì nígbà tí àáké ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí àwọn àyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa ọ̀rọ̀ gùn kó lè yàtọ̀: ọwọ́ òsì á di re mí dò dò, ọwọ́ ọ̀tún re mí dò mí, ẹ̀yìn á wà ní dò dò tiẹ̀. Ẹni tó ń ta bard yín lè fi ìka lu tábìlì, kí ìwọ dijú kó o dáhùn. A ti dán an wò ní Ifẹ̀; àṣìṣe tó ń wáyé níbẹ̀ dùn ju ìjà lọ. Ork, irú ọ̀tá kan nínú eré náà, ò sì gbọ́ Yorùbá.

Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá afọ́jú ti jagun rí láyé gidi, àwọn méjì kan wà tí orúkọ wọn jọ so mọ́ Bohemia, ilẹ̀ tó wà nínú Czech òde òní. Ọba John ti fọ́ lójú tipẹ́ kó tó dójú ogun Crécy ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 1346. Ìtàn ní ó ní kí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ so ìjánu ẹṣin wọn mọ́ tòun, kí wọ́n mú òun dé ibi tí òun á ti fi idà kan ọ̀tá. Wọ́n mú un dé ibẹ̀. Wọ́n jọ kú síbẹ̀. Èkejì ni Jan Žižka. Ojú kan ló ní tẹ́lẹ̀. Ní 1421 ó pàdánù èkejì níbi ìdótì ilé olódi Rabí. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ká a mọ́ ní Kutná Hora, ó sì já ọ̀nà gba àárín ọ̀tá kọjá. Ó darí ogun títí ó fi kú ní 1424, a ò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ra wọn ló fi ń ṣe odi. Ó mọ ilẹ̀, ó mọ ibi tó to kẹ̀kẹ́ sí, àwọn èèyàn rẹ̀ ń ròyìn fún un. Ti John wu èèyàn láti kọrin nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó so ẹṣin mọ́ ẹṣin rẹ̀ ńkọ́? Fi ti Žižka ṣe àwòkọ́ṣe. Ogun tí àwọn baba ńlá rẹ bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí dé 1893, tí Ọ̀gẹ́dẹ̀ǹgbé Agbógungbórò ṣáájú Èkìtìparapọ̀, ìró ìbọn ló sọ ọ́ ní Kírìjì. Ẹni tí kò ríran náà ì bá mọ ogun yẹn lórúkọ.

Ó ku ìbéèrè kan tó ò bi mí, àmọ́ tí ẹnìkan máa bi ọ́ lórí tábìlì kí oṣù yìí tó parí. Idán kan wà, Lesser Restoration, ìpele 2. Ó ń la ojú tó fọ́. Àlùfáà yín á tẹ̀ síwájú, á ní, "Jẹ́ kí n wò ọ́ sàn." Kí lo máa sọ? Ìwọ tó o wá láti Iléṣà ló yẹ kó o ní ìdáhùn jù. Ojú Odùduwà fọ́. Omi òkun ni wọ́n ní ó máa là á. Àwọn ọmọ yòókù ò lè mú un wá. Ajíbógun lọ, ó bu òkun wá, wọ́n ń pe ọba yín ní Obòkun títí dòní. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti pín ogún tán. Idà ló kàn án.

Bá DM yín fẹnu kò ṣáájú. Èrò tèmi ni pé idán yẹn ń dá ohun tó sọnù padà ni. Ẹni tí wọ́n bí láìríran ò sọ nǹkan kan nù, kò sí ibi tí idán á ti bẹ̀rẹ̀. Regenerate, tó jẹ́ idán ìpele 7, ni ọ̀rọ̀ míì, ẹ ò sì ní débẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o ro ti ìtàn. Ká ní arákùnrin akọni rẹ kan ti lọ láti kékeré, tó ní òun ń lọ bu òkun, tí kò tíì padà. Ká ní ó padà dé ní ìpele 5, pẹ̀lú ìkòkò lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó sì bá ẹni tí kò béèrè omi mọ́. Má dáhùn rẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí DM mú un wá lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bẹ DM ní ohun kan: bẹ́ ẹ bá wọ ibi tuntun, ìwọ ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí imú gbọ́, kó tó wá sọ fún àwọn tó kù ohun tí wọ́n rí. Ẹ ó rí i pé wọ́n á máa bi ọ́ ní ìbéèrè.

Àti pé nínú ìwé akọni, ojú ewé kejì, àpótí kan wà tí wọ́n kọ Eyes sí. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ "afọ́jú" síbẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Kọ àwọ̀ ojú rẹ̀.